Ẹnu Ta Lo Ti Gbọ́ Ọ?

Àtìní, 3 Fẹ́búárì 2025

Baba wá sí kílíníìkì mi ní Post Office, Ìlọrin, láàárọ̀ yìí. Ó jókòó láàárín àwọn aláìsàn yòókù, ó kọ̀ kí nọ́ọ̀sì mú òun wọlé ṣáájú ẹnikẹ́ni. Nígbà tó kàn án, ó wọlé, ó ní, "Dókítà, ẹ kú iṣẹ́ o." Bí Baba bá ti pè mí ní Dókítà, wàhálà ló gbé dání.

Ọ̀rọ̀ ààwẹ̀ ni. Lọ́dún tó kọjá ó dákú lórí tàfúsíírì, ìtumọ̀ Kùránì tó máa ń ṣe nígbà ààwẹ̀, níwájú àwọn ọmọ kéwú rẹ̀ àti gbogbo àdúgbò tó kún iwájú ilé wa lẹ́yìn Ọjà-Ọba. Ṣúgà rẹ̀ ló já wálẹ̀. Kò bi ẹnikẹ́ni nígbà náà bí òun ṣe máa lo hóró òògùn àtọ̀gbẹ òun, ìgbà tó bá rántí ló ń gbé e mì. Lọ́dún yìí ó fẹ́ bèèrè. Ó lóun fẹ́ gba ààwẹ̀ náà láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin, kóun sì parí tàfúsíírì lórí ìjókòó, kì í ṣe nílẹ̀ẹ́lẹ̀.

Mo sọ ohun tí gbogbo wa máa ń sọ fún ẹni tó ń lo hóró yẹn: "Ẹ gbé ti òwúrọ̀ sí sààrì, kí ẹ gbé ti ìrọ̀lẹ́ sí ìṣínu. Ẹ má dín in kù, ẹ má fi kún un. Kò séwu."

"Ẹnu ta lo ti gbọ́ ọ?"

"Baba, bí a ṣe ń sọ ọ́ nìyẹn."

"Ta ni ń jẹ́ 'a'?"

Baba ti ń kọ́ èèyàn ní hádíìsì kí wọ́n tó bí mi. Hádíìsì tó bá dé iwájú rẹ̀, ìsínáàdì rẹ̀ ló máa kọ́kọ́ bèèrè: lágbájá gbọ́ ọ lẹ́nu tàmẹ̀dù, tàmẹ̀dù gbọ́ ọ lẹ́nu làkásègbè, títí dé ẹnu ẹni tó ni ọ̀rọ̀. Bí ẹnì kan bá sọnù láàárín, Baba á ní ó já, á sì pa ìwé dé.

Ó fi oríkì mi pè mí, ó ní, "Àmọ̀kẹ́, lọ mú ìsínáàdì ọ̀rọ̀ yẹn wá fún mi. Bí kò bá já, ohun yòówù tó bá wí ni màá ṣe. Ìbáà ní kí n jẹ̀bà lọ́sàn-án gangan, màá jẹ ẹ́. Ṣùgbọ́n bó bá já, o ò gbọdọ̀ bá mi dá sí ọ̀rọ̀ ààwẹ̀ mi mọ́. Èmi àti Olúwa mi la jọ mọ̀ ọ́n."

Mo ní kò burú. Mo rò pé iṣẹ́ ìrọ̀lẹ́ kan péré ni.

Àtàláátà, 4 Fẹ́búárì

Níbo gan-an ni mo ti gbọ́ ọ? Mo wo orí tábìlì mi. Bíírò tí mo fi ń kọ èyí, ilé-iṣẹ́ òògùn kan ló fún mi. Kàlẹ́ńdà, òmíràn. Ife tí mo fi ń mu tíì, òmíràn. Aago ara ògiri tiẹ̀ ní àwòrán kíndìnrín nínú. Àṣé inú ilé àwọn olóògùn ni mo ń gbé láti ọjọ́ yìí, mi ò kàn san owó ilé ni.

Ìwé ńlá tí mo fi ṣèdánwò wà nísàlẹ̀ kọ́bọ́ọ̀dù, eruku ti bò ó. Mo ṣí i. Kò sí ọ̀rọ̀ ààwẹ̀ níbẹ̀ àfi èyí tí wọ́n ń gbà kí wọ́n tó fa ẹ̀jẹ̀ lára èèyàn. Mo tú páálí hóró náà, mo ka ìwé pélébé inú rẹ̀. Wọ́n kọ nípa aboyún, wọ́n kọ nípa ẹni tó ń wa ọkọ̀, wọn ò rántí pé Mùsùlùmí wà láyé.

Mo wá wo inú gúrúùpù Wátsáàpù àwa dókítà ìdílé. Òun náà rèé! Dókítà Abdulmateen ló fi ránṣẹ́ nígbà ààwẹ̀ ọdún méjì sẹ́yìn, ọ̀rọ̀ náà gan-an bí mo ṣe ń sọ ọ́. Nísàlẹ̀ rẹ̀ ni gbogbo wa tò sí: "Jasákállàhù, sà." "Ó wúlò gan-an, sà." Èmi náà wà níbẹ̀, mo fi àtàńpàkò sí i.

Àlàmísì, 6 Fẹ́búárì

Mo lọ bá Dókítà Abdulmateen ní GRA. Ọ̀gá mi ni, ó ti ń ṣiṣẹ́ ìṣègùn ìdílé ṣáájú gbogbo wa. Inú rẹ̀ dùn láti rí mi títí mo fi bèèrè ohun tó gbé mi wá.

"Hadiza, ṣé o ti fẹ́ di lọ́yà ni?"

"Rárá, sà. Baba mi ló ní kí n bèèrè."

Ó rẹ́rìn-ín. Ó ní Naeem ni, Naeem rẹ́ẹ̀pù òògùn, ọmọ tí ilé-iṣẹ́ olóògùn ń rán wá polówó fún wa, ó sọ ọ́ fóun nígbà tí wọ́n jọ ń jẹ móínmóín. "Àbí ìwọ kì í jẹ móínmóín Naeem?" Mo ní mo ń jẹ ẹ́. Ṣé màá parọ́ ni?

Mo bi í pé bí òògùn tuntun bá dé, níbo lòun ti ń mọ̀ nípa rẹ̀. Ó nawọ́ sí ẹnu ọ̀nà, níbi tí àwọn aláìsàn jókòó sí títí dé ìta. "Ta ló ráyè kàwé? Ọmọ yẹn á wá, á sọ ọ́ fún mi kí tíì mi tó tutù. Bí n kò bá sì mọ nǹkan, màá bi ẹ̀yin nínú gúrúùpù." Mo ní àwa náà, ẹ̀yin la ń bi, sà. Ó wò mí díẹ̀, ó wá ní kí wọ́n pe aláìsàn tó kàn wọlé.

Àtìní, 10 Fẹ́búárì

Kò síná láti àná. Ọyẹ́ ò tíì tán, ooru ti dé. Bébà ìyẹ̀wò ṣúgà tún ti gbówó lórí, ẹni tó ń yẹ ara rẹ̀ wò lójoojúmọ́ ti sọ ọ́ di ọ̀sọ̀ọ̀sẹ̀. Jẹnẹrétọ̀ ń mu epo bíi pé òun ló ń lọ gbààwẹ̀.

Àlàrùbá, 12 Fẹ́búárì

Naeem dé pẹ̀lú móínmóín. Mi ò mọ bí ọmọ yìí ṣe ń ṣe é, nínú eruku Ìlọrin yìí bàtà rẹ̀ máa ń dán. Mo ní kó jókòó, mo fẹ́ bi í ní nǹkan. Ojú rẹ̀ yí padà.

"Mà, ṣé mo ti ṣẹ̀ yín ni? Ẹ ò ní kí n jókòó rí."

Ọ̀rọ̀ yẹn dùn mí díẹ̀. Lóòótọ́, ìdúró ló máa ń dúró. Mo bi í ní ti hóró àti sààrì. Ó ṣí kọ̀ǹpútà rẹ̀, ó yí i sí mi. Ọ̀rọ̀ náà wà níbẹ̀ pẹ̀lú òṣùpá àti èso dàbínù tí wọ́n yà sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀. Nísàlẹ̀ pátápátá, lẹ́tà tín-ín-tín: ìdánilẹ́kọ̀ọ́ Prof. Garba.

"Ẹ rí i, Mà? Mi ò fẹnu ara mi sọ ọ́. Prof. ló sọ ọ́ níbi ìpàdé ẹ̀yin dókítà, mo wà lẹ́yìn níbẹ̀, èmi ni mo gbé oúnjẹ wá."

"Hóró yẹn kì í ṣe tiyín. Kí ló dé tí ò ń bá a polówó?"

"Ó máa ń jẹ́ kí ẹ fetí sílẹ̀ ni, Mà. Tí ẹ bá ti gbọ́ sààrì, ẹ máa ń gbójú sókè. Ìgbà yẹn ni màá wá mú tiwa jáde." Kò tilẹ̀ tijú. Ó pa kọ̀ǹpútà rẹ̀ dé, ó ní, "Ohun tí ẹ bá bi mí ni mo máa ń lọ wádìí. Kò sẹ́ni tó bi mí léyìí rí."

Mo jẹ móínmóín náà. Ó ní ẹyin nínú.

Sátidé, 15 Fẹ́búárì

Prof. Garba ló kọ́ ìdajì àwa dókítà ìlú yìí. Ó ti fẹ̀yìn tì, ó ń bomi rin òdòdó níwájú ilé rẹ̀ ní Tánkẹ̀ nígbà tí mo débẹ̀. Mo kúnlẹ̀, mo kí i, mo bi í bóyá òun ló sọ ọ́.

"Èmi ni."

Ọkàn mi balẹ̀. Mo ti ń to ìsínáàdì náà sínú mi: Abdulmateen gbọ́ ọ lẹ́nu Naeem, Naeem gbọ́ ọ lẹ́nu Prof. Garba. Ó ku ẹnì kan.

"Sà, níbo lẹ̀yin ti rí i?"

Ó gbé ike omi sílẹ̀. Ó bọ́ awò ojú rẹ̀, ó nù ún, ó tún un nù. "Nínú gúrúùpù yín ni, Hadiza. Ẹ̀yin lẹ fi mí síbẹ̀. Mo rí i lójú ààwẹ̀ ọdún kan, mo sì rí i pé kò sẹ́ni tó jiyàn. Mo ní ẹ̀yin tí ẹ ń rí aláìsàn lójoojúmọ́, ẹ ò lè panu pọ̀ sọ ohun tí kò sí nínú ìwé tuntun. Èmi ò ra ìwé tuntun mọ́."

Àwa méjèèjì bú sẹ́rìn-ín. Òun ló kọ́kọ́ dákẹ́. Ó ní, "Àwọn aláìsàn wo la wá ti sọ ọ́ fún?" Ó júwe Nusaybah fún mi, apòògùn kan tó kọ́, tó wà ní ilé ìwòsàn ńlá kan, tó jẹ́ pé iṣẹ́ rẹ̀ ni kí á máa bi í léèrè nípa òògùn. Ó ní òun gbàgbé pé ó wà níbẹ̀.

Nígbà tí mo délé, mo fa gúrúùpù náà sẹ́yìn, sẹ́yìn, títí mo fi rí ibi tó ti bẹ̀rẹ̀. Nọ́ńbà kan tó ti kúrò láàárín wa ló fi ránṣẹ́. Kò sórúkọ. Òun náà gbà á láti ibòmíràn ni. Mo pe nọ́ńbà náà, kò lọ.

Sọ́ńdè, 16 Fẹ́búárì

Baba rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú rẹ̀. Ó lóun ti rí ìsínáàdì tó já lórí, òun ti rí èyí tó já nídìí, òun ò tíì rí èyí tó yí po tó wá gé ara rẹ̀ nírù jẹ. Ó pe Màmá láti yàrá pé kó wá gbọ́. Ó ní kí n tún un sọ, mo tún un sọ.

"Ó dáa," ló wí nígbà tó ṣe tán. "Ó já. Àdéhùn wa ńkọ́?"

"Baba, ẹ jọ̀ọ́, ẹ jẹ́ kí oṣù lé ná. Ẹnì kan kù tí màá bi."

"Bó bá ti já, ó ti já."

Màmá ló gbà mí. Ó ní, "Alfa, ẹ fún un láyè. Ẹ̀yin náà, odidi òjò àti ẹ̀ẹ̀rùn lẹ máa ń lò lórí hádíìsì kan." Baba ní ó dáa, kó di ọjọ́ tí oṣù bá lé.

Àlàmísì, 20 Fẹ́búárì

Yàrá kékeré kan ni Nusaybah wà, lẹ́yìn ibi tí wọ́n ti ń gba òògùn. Ó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń bu ògì gbígbóná sínú ife nígbà tí mo kan ilẹ̀kùn. "Ẹ káàbọ̀, Mà. Ṣé ọ̀nà lẹ ṣì?"

Mo ní rárá, ìbéèrè ni mo gbé wá. Ó gbé ògì sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, inú rẹ̀ dùn bí ẹni tí wọ́n gbé ọmọ fún. Ó ní àwọn aláìsàn máa ń pe òun, àwọn nọ́ọ̀sì máa ń pe òun, dókítà kì í wá.

Kó tó dáhùn, òun ló ń bi mí. Ọmọ ọdún mélòó ni Baba? Kíndìnrín rẹ̀ ńkọ́? Ṣé ó ti dákú rí? Ṣé ó máa ń mọ̀ ọ́n lára bí ṣúgà bá ń wálẹ̀? Nígbà tí mo dáhùn tán, ó ṣí ìwádìí lórí kọ̀ǹpútà, àwọn tí wọ́n ṣe lára àwọn aláàwẹ̀ gan-an, ní ìlú Mùsùlùmí lóríṣiríṣi, pẹ̀lú orúkọ àwọn tó ṣe é. Ó tẹ̀ wọ́n jáde fún mi. "Ẹ má gba tèmi gbọ́ o, Mà. Ẹ kà á fúnra yín."

Mo kà á níbẹ̀. Ẹni tára rẹ̀ le tó ń lo hóró yẹn, ti sààrì la gbọdọ̀ dín kù, torí ọ̀sán gangan ló máa ń fa ṣúgà rẹ̀ wálẹ̀. Gbígbé e síbẹ̀ lódidi bí a ṣe ń sọ ọ́, ewu ni. Ní ti àgbàlagbà tó ti dákú lójú ààwẹ̀ rí, wọn ò tilẹ̀ fa ọ̀rọ̀ gùn. Kó má gbà á.

"Ṣé ó dá ọ lójú?"

"Àgbàlagbà bíi ti Baba ò pọ̀ nínú àwọn tí wọ́n wò, Mà. Àwọn díẹ̀ tó wà níbẹ̀ ló fara gbá jù. Ibi tí mo mọ̀ ọ́n dé nìyẹn." Ó pẹ́ tí mo ti gbọ́ irú gbólóhùn bẹ́ẹ̀ lẹ́nu wa.

Nínú kẹ̀kẹ́ tí mo wọ̀ padà, inú mi bàjẹ́. Àyè ni mo lọ wá fún Baba, ìdènà ni mo gbé bọ̀.

Sọ́ńdè, 23 Fẹ́búárì

Mo ti ń pe àwọn aláìsàn mi láti ọjọ́ Jímọ̀, lọ́kọ̀ọ̀kan, kí wọ́n tó bẹ̀rẹ̀ ààwẹ̀. Àwọn kan ń dúpẹ́, Alhaji kan ní ṣé mo ti kúrò nínú ẹ̀sìn ni.

Mo fi gbogbo rẹ̀ ránṣẹ́ sínú gúrúùpù pẹ̀lú àwọn ìwé náà. Kẹ́kẹ́ pa. Nírọ̀lẹ́ ni ẹnì kan dáhùn: "Àmín." Ó rò pé àdúà ni. Ẹlòmíràn náà tẹ̀ lé e, "Àmín, yáà Ràbì." Mo fẹ́rẹ̀ẹ́ ju fóònù nù. Lẹ́yìn ìṣáà ni Dókítà Abdulmateen pè mí, ohùn rẹ̀ ti wálẹ̀. Ó ní, "Mo ti kà á. Mo ń pe àwọn tèmi náà báyìí."

Jímọ̀, 28 Fẹ́búárì

Wọ́n ti rí oṣù. Kí mọ̀gàríbì tó tutù ni mo ti wà níwájú Baba pẹ̀lú ìwé mi.

Ó fi awò ojú rẹ̀ sójú. "Ta ni Nusaybah? Ṣé o rí i sójú? Ṣé kì í sọ ohun tí kò mọ̀?" Mo ní mo rí i, mo ní ó sọ ibi tí ìmọ̀ rẹ̀ mọ. Ó mi orí. "Àwọn tó kọ ìwé yìí ńkọ́, ṣé àwọn fúnra wọn jókòó ti àwọn aláàwẹ̀, àbí wọ́n gbọ́ ọ ni?" Mo ní wọ́n jókòó tì wọ́n, wọ́n ń wọn ṣúgà wọn. "Ta ló ń bọ́ wọn?"

Mo sọ òótọ́. Nínú mẹ́ta tí mo mú wá, ilé-iṣẹ́ tó ṣe òògùn kan ló náwó sí ọ̀kan. Baba fi ìka kan ti ìyẹn sẹ́gbẹ̀ẹ́. "Dàífù ni, kò lágbára. Ka àwọn tó kù."

Mò ń kà á, mò ń túmọ̀ rẹ̀, ó ń dá mi dúró, ó ń ní kí n padà sẹ́yìn. Nígbà tí mo dé ìparí, ó yọ awò ojú rẹ̀.

"Kò já," ló wí.

Ó ká ìwé náà pọ̀. "Láti ìgbà tí Baba mi ti fi ààwẹ̀ lé mi lọ́wọ́, ọ̀kan ò bọ́ lọ́wọ́ mi rí. Ta ló máa jókòó gbọ́ tàfúsíírì lẹ́nu Alfa tó ń mumi?" Ẹkún gbọ̀n mí, mo sì sun ún. Baba ò wojú mi. Ó ní, "Mo ti ṣàdéhùn. Dìde, lọ bá ìyá rẹ se sààrì yín."

Sátidé, 1 Máàṣì

Màmá ní Baba mu kókó lẹ́yìn kọ́tìnnì láàárọ̀, tòun ti láwàní lórí, kíákíá bí ẹni tó ń jí i mu.

Àtàláátà, 11 Máàṣì

Màmá pè mí lẹ́nu iṣẹ́. Ó ní oúnjẹ ọ̀sán Baba ti ń padà bọ̀ sí kíṣìnì bó ṣe lọ. Mo gbé ẹ̀rọ ìyẹ̀wò, mo wọ kẹ̀kẹ́, oòrùn ń ta bí ata. Ètè rẹ̀ ti gbẹ. Ṣúgà rẹ̀ ti ń lọ sílẹ̀, ó kù díẹ̀ kó dé ibi tó dé lọ́dún tó kọjá.

"Baba, ẹ ń gbààwẹ̀."

"Èmi kẹ̀? Mi ò dá àníyàn ààwẹ̀ kankan. Ebi ni ò pa mí."

"Láti ìgbà wo?"

"Bí ọjọ́ mélòó kan."

"Tó bá wá di mọ̀gàríbì ńkọ́?"

"Ó máa ń pa mí nígbà yẹn."

Inú bí mi, ẹ̀rín sì fẹ́ pa mí, mi ò mọ èyí tí màá ṣe. Mo rí ìgò kékeré kan lẹ́gbẹ̀ẹ́ bùtà rẹ̀. Òróró hábátù-sáúdà ni, èso dúdú tí àwọn Alfa fi ń ṣe òògùn. Ó ní ṣíbí kan ní sààrì, ṣúgà èèyàn ò ní já wálẹ̀ títí ilẹ̀ á fi ṣú.

Mo jókòó sórí ẹní, mo rọra bi í: "Ẹnu ta lẹ ti gbọ́ ọ?"

Baba wo ìgò náà. "Suhaib ló fi ohùn ẹnì kan ránṣẹ́ sí mi." Ọmọ kéwú rẹ̀ àtijọ́ ni Suhaib, ó ń ta aṣọ nínú ọjà báyìí. Mo pè é níṣojú rẹ̀. Suhaib ní inú gúrúùpù àwọn tó lọ Hájì lòun ti rí i. Ta ló sọ ọ́? Kò mọ̀. Ohùn ọkùnrin kan ni, ó ṣáà ń ké Kùránì dáadáa.

Baba wò mí, èmi náà wò ó.

"Ó já," ló wí. Òun fúnra rẹ̀ ló gbé ìgò náà lé mi lọ́wọ́, ó sì ní kí wọ́n gbé kókó òun wá. Ó mu ún tán kó tó sọ èyí tó kù. "Hadiza, ojú ló ń tì mí. Gbogbo wọn ló ń wo ẹnu mi."

Mo ní, "Baba, àwọn tó ń wo ẹnu yín yẹn, àwọn mìíràn nínú wọn ń lo hóró tí ẹ̀ ń lò. Àwọn náà ń tijú."

Jímọ̀, 14 Máàṣì

Mo tètè ti kílíníìkì, mo lọ gbọ́ tàfúsíírì. Mo jókòó sí ọ̀dọ̀ àwa obìnrin, lábẹ́ tàpólì, ooru fẹ́rẹ̀ẹ́ sè wá. Iwájú ilé kún títí dé ojú ọ̀nà.

Baba ń bá a bọ̀ dáadáa. Nígbà tó dé orí ẹsẹ Kùránì tó yọ̀ǹda aláìsàn àti arìnrìn-àjò nínú ààwẹ̀, ó dúró. Ó ní kí wọ́n bu omi wá fún òun. Gbogbo wọn rò pé àlùwàlá ló fẹ́ tún ṣe, wọ́n gbé bùtà wá. Ó ní rárá, nínú ife.

Ó gbé ife náà sókè kí gbogbo èèyàn lè rí i. Ó wá fi ohùn tó fi máa ń ka hádíìsì, ohùn tí mo ti mọ̀ láti kékeré, ó ní:

"Mo gbọ́ ọ lẹ́nu Hadiza ọmọ mi. Hadiza gbọ́ ọ lẹ́nu Nusaybah apòògùn. Nusaybah kà á nínú ìwé àwọn tó jókòó ti àwọn aláàwẹ̀, tí wọ́n ń wọn ṣúgà wọn, pé àgbàlagbà tó bá ń lo irú hóró mi, tó sì ti dákú lójú ààwẹ̀ rí, kó má gbà á. Kó máa bọ́ mìsíkíìnì, àwọn aláìní, dípò rẹ̀. Mo yẹ̀ ẹ́ wò. Ìsínáàdì rẹ̀ ò já."

Ẹgbàágbèje ìgbà ni mo ti gbọ́ tó dárúkọ Nàná Àíṣà, aya Ànábì, nínú ìsínáàdì. Kò dárúkọ mi rí. Obìnrin tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi fi ìgbọ̀nwọ́ gún mi, mi ò lè wò ó, omi ti kún ojú mi.

Baba ní Bísímílà. Ó mu omi náà tán níwájú wọn, ó sì gbé ife kalẹ̀. Lẹ́yìn náà ni bàbá arúgbó kan láàárín àwọn ọkùnrin na ọwọ́ sókè.

"Alfa," ó wí, "ẹ jọ̀ọ́, ẹ bu díẹ̀ fún èmi náà."